Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀ Nínú Orin Àlè? Ìfẹ́ Bòńkẹ́lẹ́ Nínú Reggaeton

Ní etíkun Puerto Rico, ẹja pupa kan wà tí àwọn alásè máa ń dín lódindi, torí-tìrù, fún àwọn tó wá gbafẹ́ létí òkun. Chillo ni wọ́n ń pe ẹja náà. Ṣùgbọ́n bí obìnrin kan ní erékùṣù yẹn bá rọra sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ní chillo, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọbẹ̀. Àlè ló ń sọ: ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ kì í jáde níwájú ìyá, tí wọ́n ń fi orúkọ ẹlòmíràn pamọ́ sínú fóònù. Bó bá jẹ́ obìnrin, chilla ni wọn yóò pè é.

Àlè yìí kò wọ́n nínú reggaeton, orin ijó erékùṣù náà. Ẹni tó bá ń gbọ́ orin náà láìgbọ́ èdè Sípáníìṣì, ìlù nìkan ló ń wọ̀ ọ́ létí. Ó lè jó o mọ́jú níbi ìnáwó láìmọ̀ pé ẹjọ́ àgbèrè ni wọ́n ń rò lórí ìlù tí òun ń fi ìbàdí gbà. Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ ìlù yẹn ni ètò tòní fẹ́ tú sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú orin kan. Ní ọdún 2003, Don Omar, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ William Omar Landrón, gbé àwo The Last Don jáde. Ọkùnrin yìí ti ṣe oníwàásù rí nínú ìjọ ajíhìnrere kó tó di olórin, ẹni tó bá sì fetí sílẹ̀ yóò gbọ́ oníwàásù náà lọ́fun rẹ̀. Lórí àwo yẹn ni “Dile” wà. Ìtumọ̀ àkọlé náà ni “sọ fún un.” Ènìyàn mẹ́ta ló wà nínú ìtàn náà. Ọkùnrin tó ń kọrin ni àlè. Obìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ ní ẹni tirẹ̀ nílé. Ẹnì kẹta ni ọkùnrin ilé náà fúnra rẹ̀, tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ títí orin fi parí. Ohun tí àlè ń fẹ́ ni pé kí obìnrin náà lọ jẹ́wọ́, kó sọ pé ojú agbo ijó ni àwọn ti pàdé, kó sọ ohun tó ń rí lọ́dọ̀ òun tí kò rí nílé. Àṣírí ti sú àlè. Ó fẹ́ di ẹni tí a ń dárúkọ.

Obìnrin náà ńkọ́? Òun ni wọ́n ń rán níṣẹ́. Òun ni yóò dúró níwájú ọkùnrin ilé, òun ni yóò gba ìbínú, òun ni yóò gba ìgbátí bó bá dé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rán an ti kọrin tirẹ̀ tán. Orin dídùn ni “Dile”, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìgbà tí èèyàn bá ti gbọ́ ọ ní ìgbà mẹ́ta mẹ́rin ni yóò tó ṣàkíyèsí pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jù lọ kò lanu rárá.

Ọdún kan lẹ́yìn èyí, Daddy Yankee, olórin reggaeton mìíràn, mú ìtàn náà gba ọ̀nà mìíràn nínú “Lo Que Pasó, Pasó”. Níbẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin ti lo òru kan pọ̀ tán kí ọkùnrin tó gbọ́ pé obìnrin náà ní ẹlòmíràn. Inú bí i, ó sì dá obìnrin náà lẹ́bi. Ẹ̀bi tún dorí obìnrin. Ọkùnrin tó jẹ́ àlè láìmọ̀ jáde bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Kí ló dé tí orin yìí fi mọ ọ̀nà kọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ìdí kan ni pé kọ̀rọ̀ ni wọ́n bí i sí.

Gbòǹgbò rẹ̀ dé Panama, níbi tí àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti àwọn erékùṣù Caribbean, tí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi ńlá tí ọkọ̀ òkun ń gbà kọjá láti ọdún 1914, ti ń fi èdè Sípáníìṣì kọ règé ti Jàmáíkà. El General àti Nando Boom wà lára àwọn aṣíwájú wọn. Ìlù tó gbé orin náà dúró, Jàmáíkà ló ti wá. Ní nǹkan bí ọdún 1990, Shabba Ranks kọ “Dem Bow” lórí ìlù tí Bobby Digital bá a ṣe, orúkọ orin yẹn ló sì di orúkọ ìlù náà títí dòní: dembow. Orin ìbáwí ni “Dem Bow” o. Shabba Ranks ń fi bú àwọn tó ń ṣe irú ìbálòpọ̀ tí òun kà sí ẹ̀gbin, títí kan ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Ìlù tí wọ́n fi dá ìfẹ́ ara lẹ́kun ló wá di ìlù tí gbogbo ayé fi ń polongo ìfẹ́ ara.

Láti ilẹ̀ méjèèjì yìí ni orin náà ti wọ Puerto Rico, erékùṣù tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà láti ọdún 1898. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, DJ Playero àti DJ Negro ń ká ohùn àwọn ọ̀dọ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì ní San Juan, ilé ijó The Noise sì di ibùjókòó wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò kì í fẹ́ gbé e. Ọwọ́ dé ọwọ́ ni kásẹ́ẹ̀tì ń gbà káàkiri. Ẹnìkan á ká a sórí òmíràn, ẹlòmíràn á tún ká ìyẹn, títí ohùn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Underground ni wọ́n ń pe orin náà nígbà yẹn, orin abẹ́ ilẹ̀. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1995, àwọn ọlọ́pàá ya wọ àwọn ilé ìtajà orin ní San Juan, wọ́n sì kó kásẹ́ẹ̀tì lọ, pé ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe ló kún inú wọn. Sáà Gómìnà Pedro Rosselló ni, nígbà tí ọlọ́pàá àti ọmọ ogun jọ ń ya wọ caserío, ìyẹn àwọn ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn tí kò rí já jẹ. Ní ọdún 2002, Velda González, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, tún dìde ogun sí orin náà àti sí ijó rẹ̀.

Perreo ni ijó náà. Ara perro, tó túmọ̀ sí ajá, ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ yẹn yọ. Obìnrin á kọ ẹ̀yìn sí ọkùnrin, ọkùnrin á dúró sẹ́yìn rẹ̀, ìbàdí àti ìlù á máa dá ara wọn lóhùn. Ojú kò rí ojú. Ní marquesina, abẹ́ òrùlé tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí níwájú ilé, ni àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń jó o, níbi tí iná kò ti mọ́lẹ̀ púpọ̀, tí àwọn òbí sì wà nínú ilé. Ibẹ̀ ni orin náà ti rí ohun èlò rẹ̀: òru, òkùnkùn, ọkọ̀ onígíláàsì dúdú, ìpè fóònù tí kò gbọdọ̀ pẹ́. “Llamé Pa’ Verte” tí Wisin àti Yandel gbé jáde ní 2005, àkọlé rẹ̀ kò ju pé ẹnìkan tẹ ẹnìkan láago kó lè rí i, èyí sì tó láti gbé odindi orin ró.

Nǹkan kan wà níbí tó ń dunni. Reggaeton kọ́ ló kọ́kọ́ kọrin ìfẹ́ tó ń jóni lára ní Puerto Rico tàbí ní Cuba. Bolero ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí bàbá àwọn olórin wọ̀nyí. Pedro Flores, ọmọ Puerto Rico, kọ bolero “Obsesión”, orin ọkàn tí ìfẹ́ ti dè mọ́lẹ̀, àwọn èèyàn sì kà á sí iṣẹ́ ọnà gidi. Gìtá ló ń tẹ̀lé bolero, àwọn tó wọ kóòtù ló ń kọ ọ́. Kò sí ọlọ́pàá tó wá kó o. Ìfẹ́ kan náà, nígbà tó jáde lẹ́nu ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú láti inú caserío, ló di ẹ̀ṣẹ̀. Petra Rivera-Rideau, nínú ìwé rẹ̀ Remixing Reggaetón tó jáde ní 2015, ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ àwọ̀ dúdú ṣe wà nídìí ìkórìíra tí wọ́n kó bá orin náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Ẹni tó ń gbèjà ìwà rere, kó gbèjà rẹ̀ dọ́gba.

Ẹni tí ọlọ́pàá ń lé kò ní ṣàìmọ ẹnà í sọ. “Gasolina” ti ọdún 2004, láti inú àwo Barrio Fino, ni ẹnà tó lókìkí jù nínú gbogbo wọn. Ọmọ caserío Villa Kennedy ní San Juan ni Daddy Yankee; ó ti sọ pé láti òde ni òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, nígbà tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ràn kí wọ́n máa gbé wọn sínú ọkọ̀ olówó ńlá lọ sóde àríyá. Bẹntiróòlù ni gasolina. Ọmọdé á gbọ́ ọ ní bẹntiróòlù, àgbà á gbọ́ nǹkan mìíràn, kò sì sí adájọ́ tó lè sọ pé ohun báyìí pàtó ni olórin wí. Ní ọdún 2023, Library of Congress, ilé ìkàwé àgbà ti ìjọba Amẹ́ríkà, mú “Gasolina” sínú àwọn orin tí wọn yóò máa pa mọ́ fún ìran tó ń bọ̀. Òun ni reggaeton àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀. Ọdún 28 ló wà láàárín ìyẹn àti ìgbà tí ọlọ́pàá kó kásẹ́ẹ̀tì.

Gbogbo orin tí a ti ń sọ bọ̀, ọkùnrin ló ń darí ìtàn inú wọn. Ẹni tó yí i padà ní gbangba ni Martha Ivelisse Pesante, ọmọbìnrin tó dàgbà ní ìlú Añasco, tí ayé mọ̀ sí Ivy Queen. Obìnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn ọkùnrin The Noise ni. Ní ọdún 2003, lórí àwo Diva, ó gbé “Quiero Bailar” jáde: mo fẹ́ jó. Ọ̀rọ̀ tó sọ níbẹ̀ rọrùn, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí ẹnìkan sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí ìlù yẹn. Ó fẹ́ jó, ó fẹ́ làágùn, ó fẹ́ kí ara kan ara. Kò sẹ́ pé òun náà ní ìfẹ́ ara. Ohun tó kọ̀ ni pé kí ọkùnrin fi ijó ṣe ìwé àdéhùn: bí òun ti bá a jó kò sọ pé òun yóò bá a lọ sórí ibùsùn.

Ẹ wo àsìkò tó sọ ọ́. Ọdún kan péré ló ti kọjá lẹ́yìn tí Velda González gbógun ti perreo, nítorí pé ijó náà, lójú tirẹ̀, ń tẹ obìnrin mọ́lẹ̀. Ivy Queen kò bá aṣòfin jiyàn, kò sì gbè sẹ́yìn àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó gba ojú agbo fún ara rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ orin kan ṣoṣo tó yí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ padà nínú reggaeton, òun nìyẹn.

Láti ibẹ̀ ni ayé ti gba reggaeton. “Despacito” ti Luis Fonsi àti Daddy Yankee, ní 2017, lo ọ̀sẹ̀ 16 ní ipò kìn-ín-ní lórí àtẹ Billboard Hot 100 ní Amẹ́ríkà. Erika Ender, obìnrin ọmọ Panama, ló bá wọn kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì hàn pé ọwọ́ jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi mú ọ̀rọ̀ tó gbóná. Síbẹ̀, Malaysia kò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba gbé e mọ́ lọ́dún yẹn kan náà.

Cuba ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Ní 2011, orin “Chupi Chupi” ti Osmani García bí àwọn aláṣẹ ètò àṣà nínú débi pé wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje fídíò tó lókìkí jù ní erékùṣù náà. Èyí ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ tí àwọn ọmọ Lukumí, àwọn àtọmọdọ́mọ Yorùbá níbẹ̀, ti ń bọ Ọ̀ṣun láti ìgbà ẹrú, tí wọ́n ń pè é ní Ochún, tí wọ́n sì gbà pé òun ló ni ìfẹ́ àti òòfà obìnrin. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní sọ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ara.

Ṣé gbogbo ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan reggaeton ni irọ́? Rárá o. Ní ọdún 2016, Maluma, ọmọ Medellín ní Kòlóḿbíà, bá àwọn olórin mẹ́ta kan kọ “Cuatro Babys”, nípa ọkùnrin tó ní obìnrin mẹ́rin tí ń gbọ́ tirẹ̀. Ní Spain, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n mú fídíò náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó fọwọ́ sí i rí ohun tí wọ́n rí. Àléébù orin náà kì í ṣe pé ó sọ ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn obìnrin mẹ́rin yẹn kò ní ojú, wọn kò ní ọkàn, wọn kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Òǹkà lásán ni wọ́n. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Maluma kan náà gbé “Felices los 4” jáde, níbi tí ọkùnrin ti gbà pé olólùfẹ́ òun lè lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn kó tún padà wá, kí inú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dùn. Orin yẹn náà dá awuyewuye sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò jọra. Nínú “Felices los 4”, obìnrin ní ẹsẹ̀, ó sì mọ ibi tó ń lọ.

Orin tó yẹ kí a jókòó tì jù ni “Secreto”. Karol G, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Carolina Giraldo Navarro, ọmọ Medellín ni òun náà. Anuel AA, Emmanuel Gazmey Santiago, ọmọ Puerto Rico ni. Ní 2018 àwọn méjèèjì jọ kọ “Culpables”, àkọlé tó túmọ̀ sí àwọn ẹlẹ́bi. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé ọ̀rọ̀ náà ti ju orin lọ. Àwọn méjèèjì kò sọ nǹkan kan. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019, “Secreto” jáde. Ọ̀rọ̀ orin náà ni pé ìfẹ́ àwọn wà ní ìkọ̀kọ̀, pé kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Fídíò tó tẹ̀lé e sì jẹ́ àwòrán ìgbésí ayé àwọn méjèèjì gan-an, bí wọ́n ti ń fẹnu ko ara wọn lẹ́nu, bí wọ́n ti jọ ń rin ìrìn àjò. Ẹnu ń sọ pé àṣírí ni; ojú ń rí i ní gbangba.

Ohun tí orin àlè kò fi bẹ́ẹ̀ ní tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Obìnrin ní ẹsẹ orin tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń pa àṣírí náà mọ́, àwọn méjèèjì ló sì tú u nígbà tó wù wọ́n. Kò sí ẹni tí wọ́n rán lọ jẹ́wọ́ fún ẹnìkan. Ìfẹ́ náà kò tọ́jọ́. Ní 2021 wọ́n jẹ́ kí ayé mọ̀ pé àwọn ti pínyà. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní ìparí 2019, Karol G ti bá Nicki Minaj kọ “Tusa”. Ní Kòlóḿbíà, tusa ni ohun tó kù nígbà tí wọ́n bá ti jẹ gbogbo ọmọ àgbàdo tán. Òun náà ni wọ́n ń pe ìbànújẹ́ ẹni tí olólùfẹ́ fi sílẹ̀. Ẹni tó bá ti di ṣùkù àgbàdo lọ́wọ́ ìfẹ́ rí yóò mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ tó bá a mu jù bẹ́ẹ̀. Ní 2023, àwo Karol G, Mañana Será Bonito, di àwo àkọ́kọ́ tí obìnrin kọ látòkèdélẹ̀ ní èdè Sípáníìṣì tó bẹ̀rẹ̀ láti ipò kìn-ín-ní lórí àtẹ Billboard 200.

Bad Bunny, olórin Puerto Rico, náà ti fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí. “Callaíta” rẹ̀, ní 2019, sọ nípa ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀, tí ara rẹ̀ sì ń tú sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ní 2020 ó gbé “Yo Perreo Sola” jáde, nípa obìnrin tó ń dá jó perreo tirẹ̀ láìfẹ́ kí ọkùnrin kankan sún mọ́ òun. Nínú fídíò rẹ̀, Bad Bunny fúnra rẹ̀ wọṣọ obìnrin. Ọ̀pọ̀ èèyàn yìn ín, ìyìn náà sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ohùn obìnrin tó ń gbe orin náà, ti Nesi ni, orúkọ Nesi kò sì sí lára àkọlé nígbà tí orin kọ́kọ́ jáde. Orin nípa obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀, wọn kò dárúkọ obìnrin tó sọ ọ́! Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n tún un ṣe. Àtúnṣe náà gbé orúkọ Nesi jáde, ó sì mú Ivy Queen wá bá a kọ ọ́, ọdún 17 lẹ́yìn “Quiero Bailar”.

Láti Añasco, ìlú Ivy Queen, ni Young Miko náà ti wá. Obìnrin ni, obìnrin ló sì ń kọrin ìfẹ́ sí, láìfi ẹnà bò ó, lórí dembow, ìlù kan náà tí Shabba Ranks fi bú ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin.

Ẹ̀yin tí ètò yìí bá mú lọ́kàn, orin mẹ́ta ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ wọn tẹ̀léra: “Dile”, lẹ́yìn rẹ̀ “Quiero Bailar”, kí ẹ wá fi “Secreto” kádìí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹni tó gbọ́ èdè Sípáníìṣì nítòsí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó túmọ̀ rẹ̀ fún yín ní ẹsẹ ẹsẹ, kí ẹ sì máa bi í ní ìparí orin kọ̀ọ̀kan bóyá obìnrin inú rẹ̀ sọ̀rọ̀, àti ohun tó sọ.